Bàtà Tí A Kó Kúrò Létí Kòtò

Ẹnu àbúrò ìyá mi ọkùnrin, ẹni tó fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ gbẹ́ kànga kiri Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn bàtà etí kòtò. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ilé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ha amọ̀ kúrò lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi bi í pé kí ló dé tí àwọn agbẹ́kànga fi máa ń to bàtà sẹ́nu kànga bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó.

Ó ní àwọn agbẹ́kànga mẹ́ta kan wà láyé bàbá òun, wọ́n ń gbẹ́ kànga fún onílé kan. Àgbà inú wọn ló ń wọ ilẹ̀, àwọn méjì yòókù ń fa yẹ̀pẹ̀ lókè. Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo wọn jáde lọ jẹun. Àgbà náà ló kọ́kọ́ jẹun tán. Kò dúró de ẹnikẹ́ni, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó padà sínú kànga tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Onílé wá dé. Inú ti ń bí i tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ ti pọ̀, omi kò yọ. Ó yọjú wo kànga, ó ṣókùnkùn. Ó pè, kò sẹ́ni tó dáhùn, nítorí ẹni tó bá ń gbẹ́ ilẹ̀ nísàlẹ̀ kì í sábà gbọ́ ohùn òkè. Ó ní ó dáa, àwọn ọ̀lẹ ti sá lọ. Ó ní kí àwọn ará ilé òun ti yẹ̀pẹ̀ padà sínú kòtò, òun á wá agbẹ́kànga mìíràn.

"Látọjọ́ náà," àbúrò ìyá mi wí, "agbẹ́kànga tó bá mọṣẹ́ kì í wọlẹ̀ tòun ti bàtà. Wàá bọ́ ọ, wàá tò ó sétí kòtò, imú rẹ̀ á kọjú sí ẹnu kòtò. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e. Kí òjò pa á, kí eruku bò ó, ẹni tó ni ín nìkan ló máa wọ̀ ọ́ nígbà tó bá gòkè. Bàtà mélòó lo rí? Èèyàn tó wà nísàlẹ̀ nìyẹn."

"Tí ẹnì kan ò bá ní bàtà ńkọ́?"

"Á yá ti ìyàwó rẹ̀."

Mi ò mọ̀ bóyá ìtàn náà ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láìmọye ìgbà, onílé náà kò fìgbà kan lórúkọ, àdúgbò rẹ̀ sì máa ń yí padà. Nígbà mìíràn àgbà náà jẹ iyán kó tó kú, nígbà mìíràn ó jẹ ẹ̀bà. Ṣùgbọ́n ibi bàtà kò yí padà rí.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ kú. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀ dé, omi ń tú jáde lójú ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn onílé kò ní sùúrù fún ọkùnrin oníṣọ́bìrì mọ́. Àbúrò ìyá mi jókòó sílé fún ìgbà pípẹ́. Ó ń dá oko díẹ̀, ó ń jà pẹ̀lú rédíò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òkìkí kàn pé òkúta kan wà nílẹ̀ lágbègbè Ìkòyí-Ilé, tí wọ́n ń pè ní lítíọ́mù, tí wọ́n ní wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù àti ti ọkọ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti ń fi òkúta náà ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ pípẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ wò. Àbúrò ìyá mi lọ bá àgbẹ̀ kan tó mọ̀, ó gba igun kan nínú oko rẹ̀, ó ṣa àwọn agbẹ́kànga àtijọ́ tó ti túká jọ, wọ́n sì gbẹ́ kòtò kan. Kòtò kan ṣoṣo ni. Ó lọ sísàlẹ̀ tààrà bíi kànga, lẹ́yìn náà ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì, ihò méjì tí ènìyàn lè wọ́ wọ̀ lórí ìkúnlẹ̀, níbi tí òkúta náà gbà lọ.

Èmi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítòsí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi gboyè ni mò ń tẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò nídìí kòtò, èmi ni àbúrò ìyá mi sáré wá bá.

"Akọ̀wé," ó wí, ó sì gbé fìlà rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi, "wọ́n ní kí n kọ ìwé sí ìjọba pé mo fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀. Mo ti ń gbẹ́lẹ̀ kí ìwọ tó dáyé."

"Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ náà, Bàbá."

"Kọ ọ́. Kọ ọ́ kó dùn."

Mo kọ ọ́. Ìwé náà rìn lọ rìn bọ̀ títí, wọ́n sì ní ìnsípẹ́kítọ̀ máa wá wo ibẹ̀. Bí ohun tó bá rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kòtò á ní àṣẹ. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n á tì í pa. Àbúrò ìyá mi ní kí n wá jẹ́ ẹnu òun, nítorí wọ́n ní ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìnsípẹ́kítọ̀ náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó bọ àbúrò ìyá mi lọ́wọ́ méjèèjì, ó tẹrí ba. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sétí kòtò nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ kò fararọ. Ó ní ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri kòtò fún àtẹ̀gùn kò dára, kí wọ́n fi àkàsọ̀ síbẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi pákó ti ara ògiri kí ilẹ̀ má baà ya. Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlẹ̀ wọ bàtà rọ́bà gíga àti akoto. Ó ní kí ìwé kan wà tí wọ́n á máa kọ orúkọ ẹni tó bá wọlẹ̀ láàárọ̀ sí, kí wọ́n máa fàmì sí i nígbà tí wọ́n bá jáde. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń sọ di Yorùbá, àbúrò ìyá mi sì ń mi orí. Títí di òní, mi ò rí ìkankan tó burú nínú wọn.

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí bàtà.

Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n tò wọ́n létí kòtò, imú wọn kọjú sí ẹnu kòtò. Mẹ́ta jẹ́ sílípáàsì rọ́bà gbígbó. Ẹ̀kẹrin jẹ́ aláwọ̀ osùn, bàtà obìnrin, ó ní òdòdó ike lórí. Ti ọkùnrin kan ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ń bá àbúrò ìyá mi ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù. Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ ní òdìkejì títì sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì mọ bàtà náà dáadáa. Ọkùnrin náà kì í tètè dé ibi iṣẹ́. Bó bá ti ń kánjú, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà ló máa wọ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ bi mí lédè Òyìnbó pé kí ni ìwọ̀nyí. Ó ní ẹnì kan lè fẹsẹ̀ kọ́ wọn kó já sínú kòtò.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò ìyá mi. Ó ní, "Sọ fún un pé bàtà àwọn tó wà nísàlẹ̀ ni. Sọ ìdí rẹ̀ fún un. Sọ ti àwọn agbẹ́kànga mẹ́ta yẹn."

Mo wo ìnsípẹ́kítọ̀. Mo wo kálámù olówó iyebíye àpò rẹ̀ àti tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń fi ìka tẹ̀. Mo wo òdòdó ike orí bàtà yẹn. Ojú tì mí. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ní kí n dúró síwájú ọ̀mọ̀wé kí n máa pa àlọ́ ìjàpá.

Mo ní, "Wọ́n ní ẹ má bínú, sà. Àṣà oko lásán ni. Wọ́n á kó o kúrò."

Ó mi orí, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé ẹnu kòtò gbọ́dọ̀ mọ́, ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ níwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá yí i ká.

"Kí ló wí?" àbúrò ìyá mi bi mí.

"Ó ní ká kó wọn kúrò."

"Lẹ́yìn tó gbọ́ ìtàn náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó wò mí. "Ìtàn yẹn gùn ju bí o ṣe sọ ọ́ lọ."

"Òyìnbó kì í gùn bíi Yorùbá, Bàbá."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Èmi ni mo fi ọ̀dà funfun kọ òfin náà sára pákó, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lédè Yorùbá àti lédè Òyìnbó, tí a sì kàn án mọ́ igi emi tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo ra ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, tí mo fi rúlà fà á, tí mo kọ "Wọlé" sí apá kan, tí mo kọ "Jáde" sí apá kejì. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó ka ìwé díẹ̀ ni a fi ìwé náà lé lọ́wọ́. Àbúrò ìyá mi ra bàtà rọ́bà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wọ bàtà ìyàwó rẹ̀ yẹn ní òun kò nílò tirẹ̀, òun ní èyí tó ṣẹ́kù fún òun níbi tí òun ti bá àwọn tó ń ṣe títì ṣiṣẹ́. Láti ilé ló ti ń wọ̀ ọ́ wá. Ó ń fi yangàn gan-an, ó ń gbẹ́sẹ̀ bíi sójà.

"Sójà tí ogun ti parí kó tó dé," àbúrò ìyá mi máa ń kí i bẹ́ẹ̀ bó bá ti pẹ́ dé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gágun. Ẹ ti fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa?"

Sílípáàsì kò sí létí kòtò mọ́. Àbúrò ìyá mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Ó bi mí lọ́jọ́ tí mò ń kọ pákó pé báwo la ó ṣe máa mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Mo ní ìwé ni. Mo ní ìwé kì í sùn, ajá kì í gbé e, àti pé òun fúnra rẹ̀ ti rí i pé àwọn tó kàwé ju gbogbo wa lọ ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìwé àṣẹ jáde lẹ́yìn èyí. A fi rọ́bà bò ó, a gbé e kọ́ sínú ahéré.

Ọjọ́ tí ilẹ̀ ya, èmi kò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo ń sọ.

Òjò ti rọ̀ ní ìdájí. Àwọn mẹ́ta wọlẹ̀, wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, wọ́n sì wé ìwé sínú ọ̀rá nítorí òjò. Àwọn tó kù lókè, àti ẹni tó ń kọ ìwé, àti àbúrò ìyá mi pẹ̀lú, wọ inú igbó lọ gé igi tí wọ́n fẹ́ fi kún pákó ara ògiri, nítorí òfin ní kí ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Kí àkàsọ̀ tó dé, ẹnì kan máa ń wà lẹ́nu kòtò nígbà gbogbo, nítorí ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ wọ ihò ara ògiri sọ̀ kalẹ̀ máa ń so okùn mọ́ra, ẹni òkè ló sì ń di okùn náà mú. Àkàsọ̀ ti wà báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ihò òsì. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ìró kan bíi ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá já òkúta sílẹ̀. Ihò ọ̀tún ló kọ́kọ́ rún wálẹ̀, ó sì fa apá kan ògiri kòtò mọ́ra. Ọ̀kan gba orí àkàsọ̀ sá jáde. Àwọn tó wà nínú igbó gbọ́ igbe, wọ́n sáré dé, wọ́n fi ọwọ́ àti ṣọ́bìrì kó ilẹ̀ kúrò lórí àwọn méjì yòókù títí wọ́n fi fà wọ́n jáde láàyè, ẹsẹ̀ ọ̀kan ti kán. Àbúrò ìyá mi ní kí wọ́n mú ìwé wá. Wọ́n tú u kúrò nínú ọ̀rá. Ó ní kí wọ́n kà á. Mẹ́ta ló wọlé. Mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, ó forí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n gbé ẹni tó fẹsẹ̀ kán lọ sọ́sípítù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ògiri tó kù ṣì ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ibẹ̀ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni àbúrò ìyá mi gbé ìwé náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Òfin ní kí ó fi ohun tó ṣẹlẹ̀ tó ọ́fíìsì ìjọba tó fún wa ní àṣẹ létí. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Mo rántí gbólóhùn tí mo fi parí rẹ̀ dáadáa: gbogbo òṣìṣẹ́ tó wọlé ló jáde. Inú mi dùn sí i bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ rí iṣẹ́ tí ìwé ṣe báyìí, Bàbá."

Ìyàwó ọkùnrin oníbàtà òdòdó yẹn, aránṣọ òdìkejì títì, kò wá lọ́jọ́ kejì, nítorí ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí abúlé bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́. Ọjọ́ kẹta ló sọdá títì wá bá mi, tépù ìwọ̀nṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ẹ̀ rí bàbá àwọn ọmọ mi? Fóònù ẹ̀ ò lọ."

Mo ní, "Kò sí lára àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí ìwé náà."

"Láti ilé ló ti lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

"Kò dé ibẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé."

"Ṣé kì í pẹ́ dé ni?"

Bí ó ti sọ èyí, mo pa kọ̀ǹpútà, mo ti ṣọ́ọ̀bù.

A wá ọlọ́kadà tó gbé e. Ó ní òun sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sẹ́bàá títì, ó wọ bàtà gíga rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà oko tó lọ síbẹ̀. A bi àwọn mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀. Méjì ní àwọn kò rí i. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn wa. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwa mẹ́ta ni." Ihò ọ̀tún ni ọkùnrin yẹn máa ń gbẹ́. Gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a fi máa padà dé ẹnu kòtò, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti dé ibẹ̀ ṣáájú wa. Wọ́n ti fi irin àti rọ́bà aláwọ̀ pupa yí i ká, wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ọn pé ẹnikẹ́ni tó bá wọ ibẹ̀ tàbí tó bá gbẹ́ ibẹ̀ ti rú òfin. Ìwé tí èmi fi ránṣẹ́ ni wọ́n tẹ̀ lé. Ó ti sọ fún wọn pé kò sẹ́nikẹ́ni nísàlẹ̀.

Obìnrin náà kò sunkún. Ohun tó ń bèèrè kò pọ̀. Bí ọkọ òun bá kú, ó fẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún òun, kí òun wọlé opó, kí òun jókòó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀, kí wọ́n ṣe àdúà fún ọkọ òun, kí òun sì mọ ipò tí òun wà. Bí kò bá kú, kí ó wálé. Àwọn ará ilé ọkọ ti ń sọ oríṣiríṣi. Àwọn kan ní ó ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Àwọn kan ní obìnrin kan wà ní Ìkòyí-Ilé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ọmọ òun lókùú níṣojú òun.

Wọ́n pe Ààfáà. Mo lọ síbẹ̀. Ààfáà náà jẹ́ àgbàlagbà onísùúrù, kì í gbé ohùn sókè.

"Ta ló rí òkú rẹ̀?"

Ìyá ọkọ ní òkú wo.

"Ta ló rí i nígbà tó wọ kòtò?"

"Ọlọ́kadà rí i lọ́nà oko," mo wí.

"Ọ̀nà oko já sí ibi púpọ̀, Akọ̀wé." Ó wo obìnrin náà tàánútàánú. "Ìyàwó ẹni tó sọnù ni ọ́, ọmọ mi. Ìyàwó ẹni tó sọnù máa ń dúró ni. Mi ò lè fi ọ́ sí opó ẹni tó ṣeé ṣe kó wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni kòtò, tó ń mójú tó ibẹ̀, bá jẹ́rìí fún mi pé ó dá òun lójú pé ibẹ̀ ló wà, màá gbà á."

Mo ní èmi lè jẹ́rìí, ọkàn mi sọ fún mi. Ó ní ọkàn òun náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun láti ìgbà tí òun ti jókòó, ṣùgbọ́n òun kò lè gbé ìyàwó ènìyàn lé ohun tí ọkàn sọ.

Mo kọ ìwé sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n ṣí kòtò náà. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní ìjábọ̀ tí ẹni tó ni kòtò fọwọ́ sí sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló jáde, pé ibẹ̀ léwu, pé bí ó bá fẹ́ kí a ṣí i, kí ó mú àwòrán iṣẹ́ tí ẹnjiníà fọwọ́ sí wá. Àbúrò ìyá mi kò mọ ẹnjiníà kankan, kò sì ní ohun tí ẹnjiníà kankan lè torí rẹ̀ wá. Mo wá nọ́ńbà ìnsípẹ́kítọ̀ yẹn. Wọ́n ti gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó rántí wa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì wá sọ ìtàn àwọn agbẹ́kànga mẹ́ta fún un lórí fóònù, lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, lédè Òyìnbó. Kò gùn tó bí mo ṣe rò.

Ó gbọ́ ọ dé ìparí. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi? Ǹ bá ní kí ẹ sún wọn sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ kan pákó fún wọn. Ǹ bá kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ mi pé kí àwọn yòókù máa ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo bi í bóyá ó lè bá wa bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Ó ní fáìlì náà kò sí lọ́wọ́ òun mọ́. Ó ní kí n bá òun kí Bàbá.

Mo gba Ọ̀yọ́ lọ bá àbúrò ìyá mi. Ó ti padà sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó ti rù. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá jẹ́rìí níwájú Ààfáà.

"Kí n wí pé kí ni?"

"Pé ó wà nísàlẹ̀."

"Ṣé mo rí i ni?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà."

"Ohun tí mo mọ̀ kọ́ nìyẹn, ohun tí mò ń bẹ̀rù ni." Ó yí ojú kúrò lọ́dọ̀ mi. "Bí mo bá rí bàtà rẹ̀ níbẹ̀, ǹ bá búra láìbojúwẹ̀yìn, kí wọ́n máa gbé mi lọ síbi tó bá wù wọ́n. Àmọ́ bàtà kankan ò sí níbẹ̀. Ìwé ló wà. Ìwé ní mẹ́ta ni. Ìwọ lo sọ fún mi pé ìwé kì í sùn. Ṣé kí n wá dúró níwájú Ààfáà báyìí kí n ní ìwé purọ́, ìwé tí mo fọwọ́ sí, kí wọ́n wá bi mí pé kí ló wá jẹ́ òótọ́? Mi ò mọ̀, Akọ̀wé. Kò sí ibi tí mo ti lè mọ̀ ọ́n mọ́."

Mo jókòó tì í títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó dìde lọ ṣe àlùwàlá, kò sì padà sọ́dọ̀ mi.

Lẹ́yìn tí òjò ọdún ti rọ̀ tán, obìnrin náà ní kí n mú òun dé ibẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gbé wa dé ibi tí títì parí sí, a fẹsẹ̀ rin ìyókù. Nísàlẹ̀ odò, níbi tí ọ́fíìsì kò tíì dé, àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀ láìgbàṣẹ. A kọjá lẹ́bàá kòtò wọn. Sílípáàsì wà létí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, méjì síbí, mẹ́ta sọ́hùn-ún. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Mo rí i pé ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà wọ́n. Mi ò pè é, mo dúró dè é.

Kòtò tiwa ti di adágún. Ògiri ti ya wọlé yíká, ó ti fẹ̀, omi pupa kún un, koríko ti ń hù yọ láàárín irin tí wọ́n fi yí i ká. Pákó tí mo kọ ṣì wà lára igi emi. Mo sọ fún un pé kó má sún mọ́ ibẹ̀ jù, ilẹ̀ ṣì ń yọ̀. Ó ní kí ni ilẹ̀ tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ó dúró díẹ̀, ó sì ní ká máa lọ, aṣọ oníbàárà kan wà lórí ẹ̀rọ òun.

Oṣù ti gorí oṣù. Ó ṣì wà ní òdìkejì títì, mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀ láti orí àga mi. Ọkùnrin ò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ìyàwó ilé ni. Ará ilé ọkọ kò gbọ́dọ̀ pín ohun tí ọkọ rẹ̀ ní, òun náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, aláàyè ló ni ín. Bí àwọn ọmọ bá ń ṣe àdúà, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n ní kí Ọlọ́run dá a padà tàbí kí Ó foríjì í.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọdá wá pẹ̀lú nǹkan kan nínú ọ̀rá. Aṣọ dúdú ni, bùbá, ìró àti ìborí. Ó rán an dáadáa, ó ṣe etí rẹ̀ mọ́nránmọ́nrán bí ẹni rán an fún oníbàárà.

"Mo ti rán an tán, Bọ̀ọ̀dá. Mi ò dúró de Ààfáà mọ́. Màá fi ara mi sópó nínú yàrá mi, Ọlọ́run á foríjì mí bí mo bá ṣì í ṣe. Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé ọjọ́ tí ilẹ̀ ya ni, èyí tó ti kọjá lọ tipẹ́, tó túmọ̀ sí pé opó mi ti parí kí n tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé òní ni? Àbí kí n dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ, bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ?"

Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, mo ń wo ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ nítorí kí n má baà wo ojú rẹ̀. Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Ọ̀la ló máa padà wá gbọ́ èsì. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó gbọ́ mi dé ibí yìí, bó bá jẹ́ ẹ̀yin ló bi, ọjọ́ wo lẹ máa ní kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?